Òdòdó Ilá Lórí Bébà: Bí A Ṣe Ń Kùn Ún Pẹ̀lú Ọ̀dà Olómi Tó Mọ́ Gaara

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olómi kun òdòdó, òdòdó ilá ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ewé òdòdó rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, wọ́n sì gbòòrò tó láti gba omi. Àwọ̀ méjì péré ló ní: ìyeyè tó rọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun létí, àti pupa dúdú kan nísàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún tó dà bíi sóbò tó ki. Ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá lè mú kí pupa yẹn rá sínú ìyeyè láìdi ìdọ̀tí, òdòdó tó kù kò ní fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á.

Ọ̀dà tí à ń sọ níbí kì í ṣe pósítà-kọ́lọ̀ tí wọ́n ń lò nílé ìwé. Pósítà máa ń bo ilẹ̀: ẹ kun funfun lé dúdú, funfun á hàn. Ọ̀dà olómi tó mọ́ gaara kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á kan bébà, á tún padà síta. Bébà funfun tó wà lábẹ́ ló ń tàn, tí ojú fi ń rò pé òdòdó ló ń tàn. Nítorí náà kò sí ọ̀dà funfun nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí ẹ bá sì ti bò, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ bò kí aṣọ tó wọ aró. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí aró dú sí i, wọ́n á tún un rì bọ̀ ọ́. Ohun tí à ń ṣe lórí bébà náà nìyẹn: a ń dá funfun sí, a sì ń fi ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ lé ìpele fẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tí ẹ máa rà

Bébà ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, kì í ṣe ọ̀dà. Ọ̀dà olówó ńlá lórí bébà burúkú, òfò ni. Ọ̀dà tó mọ níwọ̀n lórí bébà gidi á ṣe é wò. Ẹ wá èyí tó wúwo tó gíráàmù 300 fún mítà kan níbùú lóròó (300 gsm ni wọ́n máa ń kọ sí i), tó jẹ́ òwú, tí wọ́n kọ "cold press" sí lára. Ara rẹ̀ máa ń ṣe gọ́ngọ̀-gọ́ngọ̀ díẹ̀, ìyẹn ló ń di omi mú. "Hot press" ń yọ̀ kọ̀rọ̀, omi sì ń sáré gbẹ lórí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Bébà tí wọ́n fi ń ṣe fọtokọ́pì, gíráàmù 80, á wú bí ẹní tí òjò pa kí ẹ tó kun ewé òdòdó kejì. Kádíbọ́ọ̀dù dídán náà kò wúlò, nítorí ọ̀dà kò rí ibi dì mú lára rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí nílé wa. Bébà ọ̀dà olómi ní jẹ́látíìnì tàbí nǹkan tó jọ ọ́ lára, òun ló ń jẹ́ kí omi dúró lókè díẹ̀ kó tó wọlé. Bí bébà bá ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin, bóyá òjò méjì ti kọjá lórí rẹ̀ ní ìsọ̀, jẹ́látíìnì yẹn á ti bàjẹ́ lójú kan lójú kan. Ẹ kán omi kan sí igun bébà. Bí ó bá dúró róbótó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dáa. Bí bébà bá gbé e mì lójú ẹsẹ̀ bí ìgbà tí omi kán sórí tíṣù, ẹ má rà á. Ọ̀dà á máa rì sínú rẹ̀ tótòtó, kò sì sí ohun tó lè yọ àmì yẹn. Tí ẹ bá ti gbé bébà délé, inú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò wọ̀ ni kó máa gbé.

Ní ti ọ̀dà, orúkọ tó wà lára rẹ̀ lè tan yín, nọ́ńbà kì í tan èèyàn. Ìkan náà ni nọ́ńbà èròjà àwọ̀ káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Márùn-ún ló tó fún iṣẹ́ yìí: PY154 fún ìyeyè, PV19 fún pupa tó sún mọ́ rósì, PB29 fún búlúù aró, PB15 fún búlúù tó ń bá ìyeyè di àwọ̀ ewé, àti PBr7, èyí tí wọ́n kọ "burnt sienna" sí, fún àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ yẹra fún PR83. Ó rẹwà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀dà tó ní kádímíọ́mù nínú, bíi PY35 àti PR108, kò burú níbòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bo ilẹ̀, wọn kò bá iṣẹ́ yìí lọ.

Bí ọ̀dà tí ẹ rí rà kò bá ní nọ́ńbà, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ fi máàkà dúdú tí omi kì í nù fa ìlà nínípọn kan sórí bébà, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá kun ọ̀dà kọ̀ọ̀kan kọjá lórí rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dà tó bá fi ìdọ̀tí funfun tàbí àwọ̀ kankan sílẹ̀ lórí ìlà dúdú, aboni ni. Èyí tó bá fi ìlà sílẹ̀ ní dúdú kirikiri, tiwa nìyẹn.

Gọ́ọ̀mù tó di lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ mú nínú ọ̀dà yìí, oje igi ni. Igi náà ń hù lókè Ọya, ní Bọ̀rnó, Yóbè àti Jígáwá, àwọn ará ibẹ̀ sì ń kó o tà. Ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé oje yìí kì í kú: bó ti wù kó gbẹ tó, omi á tún yọ́ ọ. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà tó ti gbẹ lórí àwo ṣe é lò lọ́la nìyẹn. Ohun tó sì ń jẹ́ kí ìpele àkọ́kọ́ dà rú nìyẹn bí ẹ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha orí rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì, nọ́ńbà 8 àti nọ́ńbà 4, pẹ̀lú pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan fún omi nìkan. Ẹ rì í bọ omi ní ìsọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan: bí ẹnu rẹ̀ kò bá ṣù jọ di ṣóńṣó, ẹ dá a padà. Àwo tánńganran funfun tí ẹ fi ń jẹun tó fún pípo ọ̀dà. Ife omi méjì, ọ̀kan fún ṣíṣan búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tí kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Tíṣù, àkísà òwú, pẹ́ńsùlù HB, téèpù bébà, pákó pẹlẹbẹ. Ó tán.

Omi: ibi tí gbogbo rẹ̀ wà

Ẹ gbé bébà tí ẹ ti fi omi pa sókè díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá máa wò ó láìfọwọ́ kàn án. Ẹ máa rí ìpò mẹ́rin. Lákọ̀ọ́kọ́, omi dúró lórí rẹ̀, ó ń dán bíi dígí, ẹ sì lè rí òjìji fèrèsé nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjìji fèrèsé á pòórá, dídán á rọ̀, á wá dà bí awọ ara ẹni tó fi àdí para. Lẹ́yìn ìyẹn, dídán á kú, bébà á dà bí ẹni pé ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, á tutù. Ìpò kẹrin ni gbígbẹ gan-an, tí kò tutù mọ́ rárá.

Nínú ìpò dígí, ọ̀dà á sáré lọ síbi tó wù ú. Nínú ìpò àdí, ọ̀dà á rá díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ á rọ̀, á sì dúró nítòsí ibi tí ẹ fi í sí. Èyí ni ti ojú pupa òdòdó ilá. Ìpò kẹta ni ọ̀tá. Ó ń tan ojú pé òun ti gbẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́. Ẹ má fi ohunkóhun kàn án nígbà náà. Ìpò kẹrin ni ti ìlà tó mú ṣáṣá àti ti ìpele tuntun.

Ọ̀dà orí àwo náà ní ìpò tirẹ̀. A ń pè wọ́n ní tíì, mílíìkì, ẹ̀kọ mímu àti oyin. Tíì ń ṣàn gẹẹrẹ bí ẹ bá dẹ àwo. Mílíìkì ń ṣàn, àmọ́ ó ń fi àwọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ mímu ń rọra yí. Oyin kò fẹ́ẹ́ lọ.

Òfin kan ló so méjèèjì pọ̀: ọ̀dà tí ẹ fẹ́ fi kún èyí tó wà lórí bébà gbọ́dọ̀ ki ju ti orí bébà lọ. Omi máa ń sá láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti dín. Bí ẹ bá gbé tíì lé orí bébà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń gbẹ lọ, omi inú tíì á ya jáde, á gbá àwọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ sẹ́yìn, á sì kó o jọ sí etí. Tó bá gbẹ, ẹ máa rí àpá kan tó rí ṣákiṣàki bíi ti omi òjò lára aṣọ àrán. Àpá omi yìí ni àbùkù tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìdí kan ṣoṣo ló sì ní.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹ la igun mẹ́rin sórí bébà kan, sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú lóròó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tíì ìyeyè kun gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 4 tó ní ẹ̀kọ mímu pupa kan àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, kan èkejì nígbà tí òjìji fèrèsé bá pòórá, kan ẹ̀kẹta nígbà tí dídán bá kú, kí ẹ sì dúró kí ẹ̀kẹrin gbẹ tán kí ẹ tó kàn án. Kí ẹ tó ṣe èyí ní ìlọ́po márùn-ún, ẹ má tíì fọwọ́ kan òdòdó. Bébà tí ẹ fi ṣe é kò ṣòfò, ẹ̀yìn rẹ̀ wà.

Ojú ọjọ́ náà ń bẹ nínú rẹ̀. Nígbà òjò, ìpò àdí lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà ọyẹ́, ó lè má tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ pa fáànù. Atẹ́gùn rẹ̀ ń gbẹ etí kí àárín tó gbẹ, ẹ ò sì ní mọ ìpò tí bébà wà. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi omi pa bébà, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kejì. Omi àkọ́kọ́ á ti wọ inú òwú, èyí tó tẹ̀lé e á sì pẹ́ lókè.

Ṣíṣètò òdòdó àti yíyà á

Òdòdó ilá kì í dúró de èèyàn. Ó ń ṣí láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á ti máa ká, lọ́jọ́ kejì ó ti rẹ̀ dànù. Kí aago méje àárọ̀ tó lù ni kí ẹ gé e, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ewé kan àti ìrudi kan, kí ẹ kì í sínú ìgò omi. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kó kàn án, láti fèrèsé apá òsì bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi fóònù yà á láti ibi tí ojú yín wà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò mọ àwọ̀: fóònù máa ń pa ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ run, á sọ ọ́ di funfun. Ẹ po àwọ̀ náà kí òdòdó tó rẹ̀, ẹ kun ún sí igun bébà kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, ẹ wò ó nígbà tó bá gbẹ. Ọ̀dà olómi máa ń ṣí tó bá gbẹ, nítorí náà ohun tó bá òdòdó mu nígbà tó tutù á fẹ́ẹ́rẹ́ jù lẹ́yìn náà.

Orí bébà lásán ni kí ẹ ti yà á, kì í ṣe orí bébà gidi. Ìparẹ́ ń họ ara bébà òwú, ibi tó bá sì họ, ọ̀dà á dú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tóbi ju òdòdó gan-an lọ, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí omi lè ráyè. Ẹ kọ́kọ́ ya róbótó pẹrẹsẹ kan bí ẹnu àwo tí a wò láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi àmì sí ibi tí àárín wà (kì í sábàá wà láàárín gan-an), kí ẹ wá pín in sí márùn-ún. Ẹ wo bí àwọn ewé òdòdó ṣe jókòó: ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan wọ abẹ́ èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbẹ́ kejì gun orí èyí tó wà lẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń yí sí. Ẹni tó bá ya mẹ́rin bẹ́ẹ̀, tó wá gbé ìkarùn-ún lé orí méjèèjì, òdòdó rẹ̀ á dà bíi ti rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ẹ gbé bébà yíyà náà sára dígí fèrèsé, ẹ gbé bébà gidi lé e, ẹ tẹ̀ lé ìlà náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà tí ẹ rí láti ibi tí ẹ jókòó sí ti dúdú jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù lẹ etí bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó.

Ìpele kìíní

Kí ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ka apá "Ọ̀pá àárín" nísàlẹ̀, nítorí ìsinsìnyí ni ẹ máa dá funfun ọ̀pá náà sí. Ẹ fún ìyeyè tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ fi ṣíbí tíì omi méjì po ó. Ìyẹn á fún yín ní tíì tó fẹ́ẹ́rẹ́, á sì tó gbogbo òdòdó. Ẹ má po díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tán lágbedeméjì, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ pò mọ́. Fún pupa dúdú, PV19 tó ẹyọ ẹ̀wà kan, PB29 ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, PBr7 ìdajì rẹ̀, pẹ̀lú omi bí ẹ̀kán márùn-ún tàbí mẹ́fà péré, títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Láìsí PBr7 nínú rẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni yóò jẹ́, ojú òdòdó ilá kì í sì í ṣe àlùkò.

Ẹ fún ewé òdòdó ní nọ́ńbà láti 1 dé 5 yípo. Ẹ kun 1, lẹ́yìn náà 3. Tí wọ́n bá gbẹ, 2 àti 4. Ìkarùn-ún ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá kun èyí tó fara kan ara nígbà tí ọ̀kan ṣì tutù, wọ́n á wọnú ara wọn, ààlà á sì parẹ́.

Bí a ṣe ń kun ọ̀kan rèé. Ẹ fi omi mímọ́ pa gbogbo ewé òdòdó náà dé ojú ìlà, kó má kọjá. Ẹ dẹ pákó, ẹ wo bóyá ibì kan kò dán. Ibẹ̀ ni ọ̀dà á ti kọ̀ láti rìn. Ẹ fi nọ́ńbà 8 gbé tíì ìyeyè láti ìsàlẹ̀ inú lọ sí òkè, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí ìwọ̀n ìka kan sí etí. Omi á gbé e dé etí fúnra rẹ̀, á sì máa fẹ́ẹ́rẹ́ bó ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí òdòdó ṣe rí. Bí omi bá kó jọ sí etí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti fún gbẹ fà á mu.

Ẹ wá dúró. Ẹ gbé ojú sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí òjìji fèrèsé bá pòórá, tó di àdí, ẹ fi ẹnu nọ́ńbà 4 bu pupa dúdú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan tíṣù lẹ́ẹ̀kan kí omi rẹ̀ dín, ẹ tẹ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ inú, kí ẹ sì fà á sókè ní ìlà kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun wẹ́wẹ́ sínú ìyeyè, á lọ díẹ̀, á sì dúró. Ọwọ́ á máa yún yín láti tún un ṣe. Ẹ ki ọwọ́ náà sí àpò. Fífọwọ́ kan án lẹ́ẹ̀kejì ló ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Bí pupa bá sáré dé àárín ewé òdòdó, bébà ti tutù jù nìyẹn. Bí ó bá jókòó bí èèpá, tí etí rẹ̀ le koko, ẹ ti pẹ́ jù.

Òjìji lára ìyeyè

Kí ẹ tó kan ìpele kejì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bébà. Bó bá tutù, kò tíì gbẹ. Ẹ̀rọ ìgbẹrun wúlò, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ má sì tàn án nígbà tí omi ṣì ń dán, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ á ti ọ̀dà kiri.

Òjìji ìyeyè ló ń pa ọ̀pọ̀ alágbára. Wọ́n á fi dúdú po ó, dúdú àti ìyeyè á sì di àwọ̀ ewé tó ti ń rà. Ohun tó ń pa ìyeyè lẹ́nu mọ́ ni àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́: PV19 àti PB29, kí pupa pọ̀ ju búlúù díẹ̀, nínú omi tó pọ̀ débi pé àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lórí àwo. Bí búlúù bá borí, òjìji á di àwọ̀ ewé. Bí pupa bá borí jù, á di ti ọsàn. Ẹ dán an wò lórí ìyeyè igun bébà yẹn kí ẹ tó gbé e dé òdòdó.

Ibi tí ewé òdòdó kan ti wọ abẹ́ èkejì ni òjìji wà, àti nínú ihò ìsàlẹ̀. Ẹ kun etí tó fara kan ewé òkè, kí ó mú ṣáṣá. Lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì mìíràn tó lọ́rinrin, tí omi kò kán nínú rẹ̀, fa ẹ̀gbẹ́ kejì kó rá dànù. Ẹ̀gbẹ́ kan mú, ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀: ìyẹn ló ń mú ewé òdòdó yí po bíi ti gidi. Iṣan wẹ́wẹ́ tó ń ti àárín jáde ń fẹ́ àwọ̀ yìí kan náà, pẹ̀lú ẹnu nọ́ńbà 4, kí ó má ju bí mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí ewé òdòdó kan. Ẹni tó bá fa gbogbo iṣan tó rí, ewé àgbàdo ló máa yà.

Ọ̀pá àárín

Láti inú pupa dúdú ni ọ̀pá kékeré kan ti yọ jáde, ó funfun bí eyín, àwọn horo àtíkè òdòdó lẹ̀ mọ́ ọn lára yípo, orí rẹ̀ sì pupa dúdú. Funfun rẹ̀ níwájú pupa yẹn ló ń fa ojú wọnú àwòrán. Bí ẹ bá ti kun un bò, kò sí ọ̀nà àbáyọ tó dáa.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dá a sí. Ọwọ́ tó dúró lè kun yípo rẹ̀. Èkejì ni oje rọ́bà tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ aládìrẹ ti wa. Ẹ fi í kán horo kéékèèké síbẹ̀ kí ẹ tó kun ohunkóhun, kó gbẹ, kí ẹ kun kọjá lórí rẹ̀, tó bá sì gbẹ tán pátápátá ẹ fi ìka ra á kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì gidi kò gbọdọ̀ kàn án. Tín-ín-rín igi ìtayín tó. Ní ilẹ̀ wa tó gbóná, ẹ má jẹ́ kó sùn lórí bébà mọ́jú. Ooru máa ń mú kó jẹ bébà, á sì ya awọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọ̀pá àti sí abẹ́ horo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ funfun bébà. Kíkán pupa dúdú kan sórí, ó tán.

Ewé àti ìrudi

Àwọ̀ ewé tó ti inú ọ̀dà jáde tààrà máa ń pariwo. Ẹ po ìyeyè àti PB15, ṣùgbọ́n búlúù yìí lágbára bí ata: ìyeyè mẹ́wàá, búlúù kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi PBr7 díẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ kun ewé pẹ̀lú mílíìkì rẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ wá kun àárín iṣan sí iṣan pẹ̀lú àwọ̀ tó dú sí i, kí iṣan fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ tó ṣì hàn. Ewé ilá ní apá márùn-ún tàbí méje, etí rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Ẹ má ya gbogbo eyín etí rẹ̀, díẹ̀ lápá ìmọ́lẹ̀ tó. Àwọn ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìdí ìrudi ká ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà láti mẹ́jọ dé mẹ́wàá. Àwọn ìrù yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ilá ni.

Ẹ fi àyíká òdòdó àti ewé sílẹ̀ ní funfun.

Tó bá bàjẹ́

Àpá omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rinrin rọra pa etí rẹ̀ tó le, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi nù ún. PB29 ń ṣí kúrò dáadáa. PV19 ń ṣí díẹ̀. PB15 ti wọ bébà bí aró nìyẹn, ó kù sí bó bá ṣe wù ú. Bí ó bá wà níbi ewé, ẹ fi ewé mìíràn bò ó.

Bí àwòrán bá ti di ẹrẹ̀, ẹ wo àwo yín: ó ju èròjà mẹ́ta lọ nínú àdàlú kan, tàbí ìpele ti ju mẹ́ta lọ lójú kan, tàbí omi ife kejì ti dọ̀tí láìmọ̀. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kàn fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lágbára, kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi ìpele kan sí i nínú ojú pupa àti nínú òjìji tó jìn jù, kí ẹ fi etí tó mọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Téèpù ló kẹ́yìn. Kí bébà gbẹ títí dé inú, ó sàn kí ó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú téèpù gbóná díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀, kí ẹ wá fà á ní ìdagun, kí ẹnu téèpù máa kọjú síta, kúrò lára òdòdó. Bí ó bá ya, etí lásán ni yóò ya sí.